Ohun Tó Ń Jẹ Ewé Ọsàn Wa

Ọjọ́ Ajé, 15 Júnì 1981

Agatha, ìyàwó Olúdayọ̀ ọmọ mi, ló ń kọ ọ́. Èmi Ọláoyè ni mo ń sọ ọ́. Ó ní kí n máa sọ ohun tí ojú mi bá rí lóko fún òun nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí pé bí òun kò bá wá iṣẹ́ fún ẹnu mi, rédíò ni mo máa ń bá jà. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe bíi ti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́mọ.

Òjò ti fìdí múlẹ̀. Èmi àti Jimoh, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ ojú irin, ti kó gbogbo ọmọ ọsàn wa sínú agolo mílíìkì, a tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà. Kí Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, a óò gbìn wọ́n sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ odò lẹ́yìn Ungwan Boro, lórí ilẹ̀ tí Màì-Ungwà, baálé àwọn Gbàgí ibẹ̀, yá wa. Ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin igi sórí rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà ló tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu Jimoh ni Màì-Ungwà gbọ́ tó fi gbà, pé bí ọsàn bá so, a óò pín in sí mẹ́ta.

Agatha bi mí pé ọdún mélòó ni ọsàn fi ń so. Mo ní ó máa ń tó méje. Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀pá mi. Jimoh náà ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó ní, "Ẹni tó bá kù a bá èkejì jẹ tirẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 18 Júnì

Ẹsẹ̀ òsì ń dùn mí. Láti ẹ̀yìn gáréèjì Television, àdúgbò wa ní Kaduna, dé oko, ìrìn mi kò yá mọ́. Jimoh ń rìn síwájú, ó ń dúró dè mí, ó ń ṣe bí ẹni pé ọkọ́ ló wúwo lójú òun.

Ibi tí màlúù àwọn Fúlàní máa ń gbà sọdá odò kì í gbẹ. Labalábá kún ibẹ̀ lónìí, funfun àti yẹ́lò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹrẹ̀ náà tán. Gbogbo wọn pa ìyẹ́ pọ̀ lókè ẹ̀yìn, wọ́n sì kọjú síbì kan náà. Jimoh ní bí àwọn ṣe máa ń tò ní Yídì nìyẹn, pé bí wọn kò bá ní lémọ́ọ̀mù, kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ̀. Bàbá mi sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé ìtọ̀ màlúù ni wọ́n ń mu, pé iyọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Òótọ́ ni. Níbi tí ẹrẹ̀ kan wà tí màlúù kò tọ̀ sí, kò sí labalábá kan níbẹ̀.

Mo gba ẹ̀gbẹ́. Jimoh gba àárín. Gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bò ó, mi ò rí ju fìlà rẹ̀ lọ. Nígbà tí a gun òkè tán tí mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti padà sílẹ̀, wọ́n ti tún tò.

Ọ̀kan wà tí kì í bá wọn jókòó sẹ́rẹ̀. Dúdú ni, ó tóbi, àmì yẹ́lò wà káàkiri ara rẹ̀, ojú pupa méjì sì wà nísàlẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀. Kì í sinmi. Bó tilẹ̀ ń mu omi òdòdó, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Ó máa ń wá sábẹ́ àtíbàbà wa lọ́wọ́ ọ̀sán. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ Màì-Ungwà fẹ́ fi ẹ̀ka igi lù ú lulẹ̀, mo lé wọn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Júnì

Nǹkan kan ń jẹ ewé ọsàn wa. Ewé tuntun orí àwọn kan ti lọ, ó ku igi tín-ín-rín. Kì í ṣe ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò ní jẹ ewé kó má da agolo nù. Kì í ṣe tata náà, tata kì í yan èyí tó rọ̀ nìkan.

Ẹyẹ ń su sórí àwọn ewé tó kù, dúdú àti funfun pọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹyẹ tó bá ń bà síbẹ̀ á máa bá wa ṣa kòkòrò.

Ọjọ́bọ̀, 25 Júnì

Òjò. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 29 Júnì

Kí n tó dé oko, Jimoh ti wà níbẹ̀. Ó ń já ewé ọsàn sínú fìlà rẹ̀. Ó ní ibà ń ṣe Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó òun, òun fẹ́ fi se àgbo. Mo ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.

Ṣùgbọ́n ewé tó wà nínú fìlà yẹn kì í ṣe díẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà bọ̀, fìlà yẹn kò kúrò lójú mi. Mo rántí pé nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ó sọ pé àgbàdo ì bá tètè bọ́ wa ju ọsàn lọ. Mo rántí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Agatha ní kí n bi í léèrè. Mo ní ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ ojú irin fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò lè wò ó lójú kí n bi í pé ṣé ó ń jí ewé mi. Agatha ní, "Ẹ ò lè bi wọ́n, Bàbá, àmọ́ ẹ lè máa rò ó sí wọn?"

Mo ní kó kọ ohun tí mo ní kó kọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Júláì

Ewé túbọ̀ ń lọ. Lónìí mo pa ààlè.

Bàbá mi kì í bá olè jà lóko. Á so ààlè sí ẹnu ààlà, á máa bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó bá tún mú iṣu á mọ ohun tó fà wá sórí ara rẹ̀. Mo mú ṣùkù àgbàdo kan, mo mú akísà pupa, mo mú àjákù bàtà mi kan. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ igi, mo ri igi náà sáàárín àwọn agolo. Àwọn ọmọ Màì-Ungwà ń kọjá lọ, wọ́n fi Hausa bi mí bóyá ẹyẹ ni mo fi ń lé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Jimoh kò wá. Ó ní òun ń múra ààwẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 Júláì

Mi ò fẹ́ sọ tòní. Agatha ní bí mi ò bá sọ ọ́, kí a kúkú pa ìwé náà dé.

Jimoh dé pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó kí mi, mo jẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ro ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, ló bá rí igi náà. Ó dúró. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ bá a, ó fi ìka kan àjákù bàtà yẹn. Ó mọ bàtà náà. A jọ rà á ní ọjà Kasuwan Barci ni, tèmi àti tirẹ̀.

Ó ní, "Ọláoyè, ta lo pa èyí fún?"

Mo ní olè ni.

"Olè wo? Màì-Ungwà kò mọ ààlè, Gbàgí ni. Fúlàní tó ń da màlúù kọjá kò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo igbó yìí, èèyàn méjì ló mọ ohun tí nǹkan yìí ń wí. Ọ̀kan nínú wọn ló so ó."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé kì í ṣe ìwọ ni. Mi ò sọ ọ́, nítorí pé òun gan-an ni mo pa á fún.

Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní òjò ti ń ṣú, kí n má pẹ́ jù nítorí ẹsẹ̀ mi. Ó sì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Júláì

Kò wá. Èmi nìkan ni mo ro gbogbo ibẹ̀. Òjò àná da àwọn agolo kan nù, mo tò wọ́n padà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, dídìde di iṣẹ́.

Mùdù ẹ̀wà ti di náírà méjì ní Television. Agatha ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rí. Mo ní ẹ̀wà ni mo wí, mi ò wí gbogbo nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Júláì

Jimoh kò wá sóko mọ́, síbẹ̀ ewé ń lọ. Agatha ní kí n ro ìyẹn wò. Mo ní ẹni tó mọ ọ̀nà lè wá nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Ó ní nínú ààwẹ̀, láti ilé wọn ní Tudun Wada, nítorí ewé? Mo ní ó ti rẹ̀ mí.

Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Nígbà tí ìyá Olúdayọ̀ kú, Jimoh ká ẹní rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó kàn ń sùn síbẹ̀, ó ń jí, ó ń pọn omi, títí mo fi lè dá wà. Mi ò mọ ìdí tí ìyẹn fi ń wá sọ́kàn mi nígbà tí mo bá ń ro koríko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Júláì

Ẹsẹ̀ kọ̀ fún mi pátápátá lónìí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, mo fi ẹ̀yìn ti òpó. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ kankan, mo kàn ń wo iwájú.

Labalábá dúdú yẹn dé. Ó fò kọjá lórí agolo kan, ó fò kọjá lórí òmíràn, ó rẹlẹ̀ gan-an. Bó bá dé orí ewé, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí obìnrin tó ń tẹ tòmátì wò lórí àtẹ kó tó sanwó. Kì í bà tán. Ìyẹ́ rẹ̀ ń lù bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá le, á fi í sílẹ̀. Nígbà tó rí ewé kan tó rọ̀, ó ká ìdí rẹ̀ wọlé, ó fi kan ewé náà, ó gbéra. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí òmíràn. Koríko wà níbẹ̀, ilá wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, kò kà wọ́n sí. Ọsàn nìkan.

Mo wọ́ ara mi lọ wo ewé àkọ́kọ́ yẹn. Nǹkan kan wà lára rẹ̀, roboto, yẹ́lò, kò tó horo jéró. Ẹyin ni. Mo fi òwú so ọrùn ọmọ ọsàn náà kí n lè dá a mọ̀.

Mi ò tíì rí i kó dúró níbì kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wò ó títí ó fi lọ, mo sì gbàgbé ẹsẹ̀ mi díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Júláì

Ẹyin yẹn ti bẹ́. Kòkòrò bíńtín kan ló wà níbẹ̀, ó dúdú, funfun díẹ̀ wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ nǹkan tó jọ, ṣùgbọ́n ojú mi kò dára mọ́. Ọjọ́ Ajé ni n óò tún un wò.

Agatha bi mí pé kí ló jọ. Mo ní kó dúró.

Ọjọ́ Ajé, 20 Júláì

Mo já ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, mo fi kan ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí ewé.

Ó rìn.

Mo kan òmíràn. Òun náà rìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè àti lábẹ́. Mo rí èyí tó ti dàgbà, kò dúdú mọ́, ó ti di àwọ̀ ewé gan-an, ó nípọn tó ìka ọmọdé, ó nà gbọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka bí ẹni pé ara igi ni. Nígbà tí mo kàn án, ó gbé orí sókè, ìwo méjì pupa yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn kan tú jáde bí ọsàn tó ti rà nínú àpò. Ìwo náà wọlé padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń jẹ ewé láti etí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo pè ní ìgbẹ́ ẹyẹ láti oṣù tó kọjá, tí inú mi ń dùn sí, àwọn ló ń jẹ wá. Ìyá wọn sì ni mo ń lé ọmọdé kúrò lára rẹ̀.

Mo fa igi ààlè yẹn tu. Mo tú akísà, mo tú bàtà, mo jù wọ́n sódò. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Júláì

Agatha ní kí n lọ bẹ Jimoh. Mo ní mo fi ọdún mẹ́ta ju Jimoh lọ. Ó ní ọjọ́ tí mo so ààlè, ṣé mo rántí pé èmi lẹ̀gbọ́n? Mo ní mo ti tú u, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní, "Ojú wọn lẹ so ó fún, Bàbá. Ẹ̀yìn wọn lẹ tú u."

Bàbá bínú, wọ́n ní kí n gbé ìwé kúrò níwájú àwọn. — Agatha

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Júláì

Mo ń ṣa kòkòrò. Mo ń jù wọ́n sínú omi. Òórùn wọn kì í kúrò lọ́wọ́, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìtúnu Ààwẹ̀ ni lónìí. Lọ́dọọdún, kí oòrùn tó kan orí, abọ́ ìrẹsì àti ẹran á ti ti ilé Jimoh dé. A ti wà ní Makurdi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, a wà ní Kafanchan, a wá sí Kaduna, kò yẹ̀ rí. Àwa náà ń gbé tiwa lọ ní Kérésì.

Mo jókòó síwájú ilé láti àárọ̀. Àwọn ọmọdé wọ aṣọ tuntun, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kí mi ní barka da Sallah, èmi náà ń dá wọn lóhùn. Agatha gbé iṣu wá. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ ná. Nígbà tó yá, mo jẹ iṣu náà. Ó ti tutù.

Ọjọ́rú, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo pàdé Wúlẹ̀mọ̀tù nítòsí gáréèjì. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò. Mo bi í léèrè ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, Bàbá Dayọ̀? Ara ọ̀rẹ́ yín kò yá. Ọjọ́ kejì Ìtúnu ni ibà dá a dùbúlẹ̀."

Mo ní ṣé ó ń mu àgbo. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo sè é. Ó bi mí pé ewé wo ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ewé ọsàn. Ó ní kí n lọ dà á nù, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n tún ní òun já ewé ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò dá mi lóhùn." Ó wá wojú mi. "Bàbá Dayọ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní n óò wá lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo gbé agolo kan láti oko, èyí tí kòkòrò ńlá méjì wà lórí rẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tudun Wada. Mo gbé e sórí itan mi. Obìnrin tó jókòó tì mí sún lọ sí etí fèrèsé. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọ kòtò tí kòkòrò náà yọ ìwo, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Kọ̀ǹdọ́ fi Hausa bi mí pé kí nìyí: "Baba, mene ne wannan?" Mo ní ẹlẹ́rìí mi ni. Kò gbọ́ Yorùbá.

Jimoh wà lórí ẹní. Ó ti gbẹ. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo gbé agolo síwájú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ tíì jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí labalábá ṣe ń tẹ ewé, bó ṣe ń yé ẹyin, bí kòkòrò náà ṣe ń jọ ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tó bá kéré. Mo fi ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kàn án kó rí ìwo rẹ̀. Òórùn náà kún inú yàrá. Mo ní òun ló ń jẹ ẹ́. Mo ní ó ti rí i báyìí.

Ó wò ó dáadáa. Jimoh fẹ́ràn nǹkan àràmàǹdà. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kòkòrò kọ́ ló pa ààlè fún mi."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo dúró pẹ́. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé omi fún mi, mo mu ún, mo gbé agolo mi, mo padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ewé tuntun ti ń yọ lórí àwọn tí mo ti ṣa kòkòrò kúrò lára wọn. Kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́rú, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Màì-Ungwà wá sóko lónìí. Ó rìn yí àwọn agolo ká, ó ní wọ́n ti tó gbìn, kí ló dé tí a kò tíì gbẹ́ kòtò. Mo ní ara Jimoh kò yá. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní ìgbà tí òun rí i kẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ara rẹ̀ le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ọjọ́ tó yà sílé òun láti oko nígbà tí òjò ń ṣú.

Mo mọ ọjọ́ náà.

Màì-Ungwà ní àwọn ọmọ òun ti ń sọ nípa igi kan tí a so bàtà àti akísà mọ́, ó ń kọ òun lóminú, òun sì rò ó pé bóyá oògùn ni a ń rì mọ́ ilẹ̀ òun, kí òun kúkú gba ilẹ̀ òun padà. Ló bá bi Jimoh lọ́jọ́ náà. Jimoh ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní àdúrà àwọn baba wa ni, kí igi lè yè. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ló jọ so ó.

Ẹ̀gbọ́n òun. Bó ṣe pè mí fún un nìyẹn, lọ́jọ́ tó rí ohun tí mo ṣe.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá mi, mo jẹ́ kí ọkùnrin náà máa sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí Tudun Wada. Mi ò gbé nǹkan kan dání.

Wúlẹ̀mọ̀tù fẹ́ jáde fún wa. Mo ní kó dúró, nítorí ó ti bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nígboro, mi ò sì dá a lóhùn. Mo ní èmi ni. Mo wá kọjú sí Jimoh.

Mo ní, "Ìwọ ni mo pa á fún. Mo rò pé ò ń jí ewé. Mo ní àyè láti bi ọ́, mi ò bi ọ́. Mo jẹ̀bi, Jimoh. Má bínú."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe fún àbúrò, ṣùgbọ́n mo ti pinnu rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Orúnkún ọ̀tún lọ, ti òsì kọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Wúlẹ̀mọ̀tù sáré gbá mi lápá. Jimoh dìde jókòó lórí ẹní.

"Jókòó, Yàgbà yìí. O ti pa ààlè fún mi, o tún fẹ́ wó lù mí?"

Mo jókòó. Wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Nígbà tí wọ́n pè é tán, ó bi mí pé ṣé ewé tuntun ń yọ. Mo ní ó ń yọ. Ó ní kòkòrò ńkọ́. Mo ní a ń ṣa wọ́n.

"Ta ni 'a'?"

Mo ní èmi.

Ó ní tí òun bá ti lè dúró, òun á wá. Mo sọ fún un pé Màì-Ungwà ti rò fún mi ohun tó bá a sọ. Ó fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà dànù bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kò sọ pé ó ti tán. Èmi náà kò bi í.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò láti àárọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sùn nígbà ìwàásù. Agatha fi ìgúnpá gún mi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Jimoh wá. Mo bá a ní gáréèjì, ó jókòó lórí táyà kan, ó ń dúró dè mí. A jọ rìn. Ìrìn àwa méjèèjì ti wá dọ́gba báyìí, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì.

A gbẹ́ kòtò. Èmi á gbẹ́ díẹ̀, òun á gbẹ́ díẹ̀, a óò jókòó. Ilẹ̀ rọ̀, òjò ti ṣe é dáadáa, síbẹ̀ a kò lè gbìn ju mẹ́rin lọ kí oòrùn tó mú. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà láàárín àwọn tó kù. Ó bi mí níbi tí labalábá náà ti máa ń wọlé. Mo fi hàn án.

Ó dé lóòótọ́. Jimoh kò mira. Ó wò ó bó ti ń lọ láti orí agolo kan dé òmíràn, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewé, tó ń fi èyí sílẹ̀, tó ń padà sí èyí.

Ó ní, "O rí i? Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣe é."

Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Mo ní mo rí i.

Nígbà tó lọ, a dìde, a ṣa ẹyin tó yé. Ojú Jimoh dára ju tèmi lọ, òun ló rí èyí tó pọ̀ jù. Ó ní ojoojúmọ́ la óò máa ṣe èyí títí igi á fi le. Mo ní ojoojúmọ́ ni. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ mi á gbà. Mo ní kò ní gbà, ṣùgbọ́n n óò wá.

Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ, mo ti mú ọ̀pá mi, mo ti bọ́ sójú ọ̀nà. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó dúró ti ọ̀kan nínú àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ó fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ apá.

Ó ní, "Ọláoyè, ibà yìí kò tíì lọ tán lára mi. Ṣé kí n já ewé méjì?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Jimoh, a ti jọ jẹun nínú abọ́ kan, ó ti wọ aṣọ mi lọ síbi òkú, ó ti mú iyọ̀ nínú ilé ìdáná mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi báyìí rí.

Mo ní kó já a. Mo ní tirẹ̀ ni, kó já iye tó bá fẹ́, kó kún fìlà rẹ̀.

Ó ní òun mọ̀ pé tòun ni.

Ó já méjì. Ó gbé wọn sókè kí n rí wọn, ó fi wọ́n sínú fìlà, a sì ń bọ̀ wálé.